Kámẹ́rà Ló Fi Jókòó Ti Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tí ìyá yín bá wà nínú yàrá kejì bí ẹ ṣe ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ wò ó. Ìwé ò ní sá lọ. Tí ẹ bá ti rí i lójúkojú, tí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ padà wá jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan tó ní òun náà ń wo ìyá òun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì bá òun tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wáyà kọ́ niṣẹ́ rẹ̀ o. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gé ìwé, tó sì ń dì í. Ìdájí ló ń jáde, ọ̀sán ló ń wọlé. Àmọ́ tí ẹ bá wo òrùlé ilé rẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n fọ àwo ńláńlá, wọ́n wá sá a sókè kó gbẹ ni. Díìṣì kan kọjú síbí, èkejì kọjú sọ́hùn-ún, bíi tọkọtaya tó ń bínú síra wọn.

Pálọ̀ ló wá burú jù. Dikódà gun dikódà. Díìṣì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, nítorí sátẹ́láìtì tí wọ́n ń wò yàtọ̀ síra. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni rìkọ́dà wà, ẹ̀rọ tó máa ń ká ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe sílẹ̀, kí èèyàn lè wò ó nígbà míì. Oníwáyà pín wáyà tó ń bọ̀ láti ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí méjì: apá kan lọ sára tẹlifíṣọ̀n, apá kan lọ sára rìkọ́dà. Ó lè máa wo bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́, kí rìkọ́dà máa ká òmíràn sílẹ̀ dè é. Nọ́ńbà ló fún wọn, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló sì ń yí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Tẹ̀ ẹ́ dé ọ̀kan, díìṣì àkọ́kọ́ dé. Tẹ̀ ẹ́ dé èjì, díìṣì kejì dé. Tẹ̀ ẹ́ dé ẹ̀ta, eriali àtijọ́ dé.

“Kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé tó lè fò mí dá,” ló máa ń sọ, tí á sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, á ní, “Lóòótọ́ ni. Iná ilé ìdáná tó ti kú látọjọ́ yìí nìkan ló fò yín dá.”

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ilé wọn tòrò nígbà náà.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọ lu ìyá rẹ̀. Apá òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú. Ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yé èèyàn yékéyéké. Ọmọ méjì péré ló bí. Oníwáyà ni àbígbẹ̀yìn. Àkọ́bí ni Àǹtí, nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní ìlú míì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù.

Àǹtí gbé ọkọ̀ wá, ó ti di ẹrù Màmá sínú báàgì tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sílé mi. Mo ti bá obìnrin kan sọ ọ́. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun á máa jókòó tì yín.”

Oníwáyà fò dìde. “Àǹtí, ẹ fẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni máa wẹ Màmá nígbà tí èmi wà láyé? Ìyàwó mi wà nílé láàárọ̀. Èmi wà nílé lọ́sàn-án. Kí ló wá kù?”

Àwọn méjèèjì kọjú sí Màmá. Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì lé itan kó tó dáhùn.

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Mo ti dàgbà. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kó wá bá èmi nìkan, kí n na ọwọ́, kó má kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè jókòó tì mí ni kó gbà mí.”

“Èmi ni, Màmá,” Oníwáyà wí. “Ọwọ́ yín ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi.”

“Ó dáa. Ọ̀dọ̀ àbígbẹ̀yìn mi ni mo máa wà.”

Àǹtí ò jiyàn. Ó kó aṣọ jáde nínú báàgì, ó ń tò wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé àbígbẹ̀yìn ni ẹyinjú Màmá. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ, ó ti ń tọ́jú ìyá onìyá nílé ìwòsàn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń dùn ún. Nígbà tó ń lọ, ó fa àbúrò rẹ̀ létí díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

“Má jẹ́ kó nìkan wà o.”

“Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ká sòótọ́, ó kọ́kọ́ gbìyànjú. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á jẹun, á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Màmá á máa sọ ìwàkiwà tó hù lọ́mọdé fún un, bó ṣe tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ tó ń wá èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán gùn, aláìsàn sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan ní àsọtúnsọ. Ara Oníwáyà wà lórí àga, etí rẹ̀ wà ní pálọ̀. Tí wọ́n bá pariwo nínú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò, á dìde díẹ̀, á tún jókòó. “Ta ló jẹ góòlù yẹn?” á bi ara rẹ̀. Màmá á ní, “Kí lo wí?” Á ní, “Kò sí nǹkan kan, Màmá.”

Ibẹ̀ ni èṣù ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ra kámẹ́rà kékeré kan, ó kàn án mọ́ ògiri yàrá Màmá lókè fèrèsé, ó fa wáyà rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sí pálọ̀, ó pín in sí méjì bíi tàwọn yòókù, ó sì fi í sí nọ́ńbà ẹ̀rin. Kámẹ́rà náà ní etí: ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tẹ̀ ẹ́ dé ẹ̀rin, Màmá dé, tòun ti bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ife omi.

“Wò ó,” ó fi han ìyàwó rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. “Mo ń wo bọ́ọ̀lù, mo ń wo Màmá. Bí ẹni tó wà níbi méjì.”

Ìyàwó rẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. “Ìyá ẹni kì í ṣe ìkànnì,” ló wí.

Àmọ́ òun náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì rí i pé ó wúlò tí òun bá ń dáná. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ò ju títẹ̀ tó pọ̀ lọ. Láti orí ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ tẹ rìmóòtù títí á fi dé ẹ̀rin, nígbà tí ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníwáyà bá tú wáyà lẹ́yìn. Ó gbé Màmá wá sí èjì, kí ìyàwó rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì lé díìṣì kejì lọ sí ẹ̀rin, lára tẹlifíṣọ̀n àti lára rìkọ́dà. Ohun tó ṣe láti fi dùn mọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Màmá máa ń bá kámẹ́rà ṣeré. Á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á ní, “Àbígbẹ̀yìn, ṣé ò ń rí mi?” Oníwáyà á sáré lọ bá a nínú yàrá. Nígbà tó yá, kò sáré mọ́. Á kígbe láti pálọ̀ pé, “Mò ń rí yín, Màmá!”

Lọ́jọ́ kan, ìyá náà dá a lóhùn pé, “Ìwọ ń rí mi. Èmi ò rí ọ.”

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Oníwáyà gbọ́ ọ. Ó ní òun ń bọ̀. Góòlù ti fẹ́ wọlé ni.

Tí Àǹtí bá pe fóònù láti ibi iṣẹ́, tó ní, “Ṣé o wà lọ́dọ̀ rẹ̀?” á ní, “Mò ń wò ó báyìí, Àǹtí.” Kò sì purọ́. Irọ́ tó ní egungun òtítọ́ nínú ló máa ń dúró pẹ́ jù. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, á fi kún un pé, “Màmá ní kí n kí yín.”

Ó wá di ọjọ́ tí ìdíje bọ́ọ̀lù méjì bọ́ sí ọ̀sán kan náà. Ọ̀kan ń bọ̀ lórí díìṣì àkọ́kọ́, èkejì ń bọ̀ lórí díìṣì kejì. Oníwáyà ti ń múra fún un bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Á wo ọ̀kan, á ká èkejì sílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ èsì ọ̀hún fún òun.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan fẹ́ rìnrìn àjò, aṣọ rẹ̀ ò tíì parí.

“Ẹ jókòó tì í lónìí o,” ló wí lẹ́nu ọ̀nà. “Kò sùn dáadáa. Ó ní àyà ń dun òun. Mo ti pe Àǹtí, ó ní òun máa wá wò ó lọ́la. Ẹ má fi í sílẹ̀.”

“Máa lọ. Èmi ọmọ rẹ̀ wà níbí.”

Ó wọlé lọ bá Màmá. Ó gbé ife omi sí ibi tí ọwọ́ ọ̀tún á ti tó o, ó tún ìrọ̀rí ṣe. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Jókòó díẹ̀.”

“Màmá, mò ń bọ̀.”

“Bọ́ọ̀lù ni?” Ìyá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu tó wọ́. “Lọ wò ó. Àmọ́ tí mo bá pè ọ́, kí o wá o.”

“Kíá ni, Màmá.”

Ó padà sí pálọ̀. Ó tẹ tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀kan. Ó gbé rìmóòtù rìkọ́dà, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ èjì. Èjì ni díìṣì kejì ti ń jẹ́ láti ọdún tó ti pẹ́, ọwọ́ ò mọ̀ pé wọ́n ti kó ilé. Iná pupa kékeré tàn: rìkọ́dà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ṣí i sí iye àkókò tí bọ́ọ̀lù á gbà, ó sì fi wákàtí méjì lé e, torí àfikún àkókò àti pẹnáritì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ariwo má bàa jí Màmá, ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí méjèèjì, ó sì ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Inú rere ló fi ṣe é.

Bọ́ọ̀lù le. Kò sí góòlù. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, ó gbé ọwọ́ lé rìmóòtù láti tẹ èjì, kó wo Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣàlàyé eré bẹ̀rẹ̀ sí í fi han bí agbábọ́ọ̀lù kan ṣe ṣubú, bóyá wọ́n tì í ni, bóyá ó dọ́gbọ́n ni. Ó ní kí òun gbọ́ tiwọn ná. Wọ́n ń jiyàn títí eré fi tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní Màmá á ti sùn. Ẹni tí ò sùn dáadáa ṣáà gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án.

Wọ́n fi àkókò kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbá pẹnáritì. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n gbá a wọlé. Ó fò, ó yọ ẹ̀rọ létí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ láti sọ fún Màmá.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Màmá wà nílẹ̀.

Ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ńtì, ọwọ́ ọ̀tún nà sí apá ilẹ̀kùn. Omi ti dà sílẹ̀. Oníwáyà pè é, ó mì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ara rẹ̀ ti tutù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó sunkún, ẹ má rò pé kò sunkún. Ó fi orí gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sunkún ni ọkàn rẹ̀ ń bi í pé: kí lo máa sọ fún Àǹtí? Ọkàn kan náà ló sì ń dá a lóhùn. Ó gbé ìyá rẹ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó nu ojú rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó to ọwọ́ rẹ̀. Ó nu omi ilẹ̀, kò sì gbẹ tán. Ó gbé àga tó ti pẹ́ tí kò jókòó lórí rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó sì ń dúró de ìyàwó rẹ̀.

“Ó ti lọ,” ló wí nígbà tí obìnrin náà wọlé. “Ọwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn sùn lọ ni.”

Ìyàwó rẹ̀ ju báàgì sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, wọ́n jọ ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibi tó tutù.

“Ta ló da omi?”

“Èmi ni. Jìnnìjìnnì bò mí ni.”

Àǹtí dé. Ojú nọ́ọ̀sì ni ojú rẹ̀, kò lè ṣe kó má wò. Ó tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá. “Kí ló ṣe é níbí?”

“Bóyá igi bẹ́ẹ̀dì ni. Ó máa ń fi orí tì í.”

“Ṣé ó jẹ ìrora?”

“Rárá, Àǹtí. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló lọ.”

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò to irun ojú Màmá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdébìnrin.

“Ṣé ó dárúkọ mi?”

Ká ní ó sọ pé rárá, ibẹ̀ ni ì bá mọ. Àmọ́ ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àánú ṣe é, ẹ̀rù sì bà á. Irọ́ tí ẹ̀rù àti àánú bá jọ bí, abiyamọ ni.

“Ó pè yín, Àǹtí. Ó ní kí n sọ fún àkọ́bí òun pé òun dúpẹ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ òun di ìyá. Ó ṣàdúrà fún yín títí ẹnu rẹ̀ fi dákẹ́.”

Àǹtí wólẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. “Ó pè mí,” ló ń wí. “Màmá pè mí.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wá kí wọn tí Àǹtí ò sọ fún. Ó sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún aládùúgbò, ó sọ fún ẹni tó wá gbẹ́ ilẹ̀. “Ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ sọ òun di ìyá, bó ṣe wí nìyẹn.” Oníwáyà á wà níbẹ̀, á tẹ orí ba. Àwọn èèyàn á gbá a léjìká: “O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ẹni tó jókòó ti ìyá rẹ̀ dópin, kò ní kábàámọ̀.” Ó ń ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é.

Wọ́n sin Màmá. Àlejò tú ká. Ó ku àwọn mẹ́rin nínú pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan: Oníwáyà àti ìyàwó rẹ̀, Àǹtí àti ọkọ rẹ̀. Ilé dákẹ́ jù. Ọkọ Àǹtí, tí kì í lè pẹ́ níbi ìdákẹ́jẹ́, na ara rẹ̀ lórí àga.

“Oníwáyà, bọ́ọ̀lù kejì ọjọ́ yẹn, ṣé o ká a sílẹ̀? Ojú ọ̀nà ni mo wà.”

Ìyàwó Oníwáyà wò ó. “Ọjọ́ wo? Ọjọ́ tí Màmá lọ?”

Òógùn bo ọkọ rẹ̀. “Rìkọ́dà máa ń dá ṣiṣẹ́,” ló wí. “Mo ti ṣí i dè é tẹ́lẹ̀ kí n tó lọ jókòó ti Màmá.”

“Fi sí i jàre,” Àǹtí wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé. “Jẹ́ kí ilé yìí lóhùn. Màmá ò kórìíra bọ́ọ̀lù rẹ.”

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Bọ́ọ̀lù lásán ni, kí ló wà nínú rẹ̀? Ó gbé rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́.

Yàrá Màmá ló jáde.

Bẹ́ẹ̀dì, ife omi, Màmá tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìyàwó Oníwáyà figbe ta, torí ó kọ́kọ́ dà bíi pé ìyá náà wà nínú yàrá lọ́hùn-ún báyìí. Ohùn rẹ̀ kún pálọ̀.

“Àbígbẹ̀yìn.”

Oníwáyà ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mọ̀ ọ́n: èjì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé Màmá wá sí èjì. Ó na rìmóòtù láti pa á, ọwọ́ Àǹtí sì ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

“Má pa á.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó máa pè mí. O ní ó pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.”

Ó gba rìmóòtù, ó gbé e sábẹ́ itan rẹ̀. 

“Àbígbẹ̀yìn, àyà mi. Wá.” Ìyá náà dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ ń bọ̀. “Àbígbẹ̀yìn o.” Ó na ọwọ́ sí omi, ife ṣubú. Ó gbé ojú sókè sí kámẹ́rà, ó wo gbogbo wọn nínú pálọ̀. “Ṣé o ò rí mi ni?”

Ọkọ Àǹtí dìde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó jáde síta.

Màmá fi apá kan ṣoṣo wọ́ ara rẹ̀ dé etí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ wá Oníwáyà lọ. Ó ṣubú, wọ́n gbọ́ bí ó ṣe dún. Kò sí ohun tí wọ́n rí mọ́ àyàfi apá tó nà sórí ilẹ̀, tí ìka rẹ̀ ń ṣí, tó ń pa dé, tí kò rí nǹkan kan dì mú. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ilẹ̀, ó ń kéré sí i. “Àbígbẹ̀yìn. Àbígbẹ̀yìn.” Nígbà tó ṣe, ìka ò ṣí mọ́.

“Ẹ jẹ́ ká pa á, Àǹtí,” ìyàwó Oníwáyà ń bẹ̀bẹ̀, ó ti fi aṣọ bo orí. “Ó ti tó.”

“Kò tíì tán,” Àǹtí wí. “Ó kù.”

Oníwáyà kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àǹtí, kò pè yín. Irọ́ ni mo pa. Mi ò sí níbẹ̀.”

“Dákẹ́. Jẹ́ kí n gbọ́.”

Wọ́n jókòó ti ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó pẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí nínú tẹlifíṣọ̀n, Oníwáyà sì wọlé, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rí bí ẹ̀rín náà ṣe kú. Wọ́n rí bó ṣe sunkún. Wọ́n tún rí bó ṣe dákẹ́, tó ronú, tó gbé òkú, tó to ọwọ́, tó nu ilẹ̀, tó sún àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó, ó di ọwọ́ náà mú. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń dán an wò lẹ́nu: “Ó kàn sùn lọ ni. Ó kàn sùn lọ ni.”

Àkókò rìkọ́dà pé, ó dúró. Tẹlifíṣọ̀n dúdú.

“Ó tán?” Àǹtí bèèrè.

“Ó tán, Àǹtí.”

Obìnrin náà dìde, ó wá bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Kò bú u, kò gbá a létí. Oníwáyà ní ká ní ó gbá òun létí ni, òun ì bá dúpẹ́.

Ó ti tú díìṣì méjèèjì kúrò lórí òrùlé, àmọ́ kí nìyẹn fẹ́ ṣe fún òkú? Mo bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí n fi kọ́ yín. Ó ní ẹni tí èèyàn ń wò láti òkèèrè kò rí ẹni tó ń wò ó, òun nìkan ló wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń ra ọwọ́.

Àǹtí ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Oníwáyà lọ sílé rẹ̀, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Níkẹyìn, ó rán ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìyẹn wọlé. Nígbà tó padà dé, Oníwáyà dìde láti pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun ò bá yín jà.”

“Kí ló tún wí?”

Ìyàwó rẹ̀ kò jókòó. “Ó ní nígbà tí Màmá wà lórí àìsàn, gbogbo ìgbà tí òun bá pè lẹ máa ń sọ pé, ‘Màmá ní kí n kí yín.’ Ó ní kí ẹ bá òun rántí ẹyọ kan ṣoṣo tí Màmá sọ ọ́ lóòótọ́, tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹ fi etí ara yín gbọ́. Ó ní ẹyọ kan ti tó òun.”

Oníwáyà jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ronú títí. Pálọ̀ ló ti máa ń gbé fóònù, ó sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń sọ pé ó dàbọ̀. Ó la ẹnu.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. “Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ má sọ ọ́.”

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.